Ọkọ̀ Oníná Nílò Sọ́kẹ́ẹ̀tì ní Kámpù

Ẹni tó bá ti Ṣàgámù wọ ọkọ̀ lọ sí Èkó ní ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù mọ ohun tí ojú ń rí nítòsí Redemption City. Holy Ghost Service ìjọ Redeemed ni. Wọ́n ń lọ ní ìrọ̀lẹ́, ó di ìdájí kí wọ́n tó máa padà. Tó bá wá di àpéjọ oṣù kẹjọ tàbí ti oṣù kejìlá, ọ̀pọ̀ èèyàn á sùn síbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, mọ́tò wọn á wà lójú kan.

Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tó ń lo iná mànàmáná ti kúrò ní àwàdà. (Ẹ̀yin ará ẹ̀ka wa, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu lórí orúkọ. "Mo fẹ́ ṣáàjì" là ń sọ fún fóònù, òun náà la ó sọ fún mọ́tò.) Tèmi ni pé kí kámpù ya igun kan páàkì sọ́tọ̀ fún un. Kò dìgbà tí wọ́n bá ra ẹ̀rọ olówó ńlá.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì lásán tó ń gbé ampere 10 lórí volt 230 á fún ọkọ̀ ní kilowatt 2.3. Láàárín wákàtí mẹ́jọ, ìyẹn ti lé ní kilowatt-wákàtí 18, ó sì lè gbé ọkọ̀ kékeré rin nǹkan bíi kìlómítà 100. Ará Ṣàgámù á délé, á ṣẹ́kù. Ìlú náà ní ilé iṣẹ́ amúnáwá tirẹ̀ tó ń lo gáàsì, mẹ́gáwáàtì 25. Ọgọ́rùn-ún ọkọ̀ tó ń ṣáàjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀.

Ta ni yóò sanwó? Ẹni tó ni ọkọ̀ ni. Kò tọ́ kí owó ọrẹ ìyá tó wọ dánfó wá máa rọ iná sínú mọ́tò ọ̀gá kankan. Nígbà tí wọ́n kéde owó Band A lóṣù kẹrin ọdún 2024, náírà 225 ni kilowatt-wákàtí kan. Ní iye yẹn, iná òru kan jẹ́ nǹkan bíi náírà 4,050. Kí kámpù fi èrè díẹ̀ lé e, kò burú.

Ti ọ̀kadà yàtọ̀. Ní Benin àti Togo, ṣe ni àwọn oníbàárà Spiro ń pààrọ̀ bátìrì tó ti kú sí èyí tó kún, wọn kì í dúró.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé bí wọn ò bá ṣètò rẹ̀, àwọn èèyàn á ṣe é fúnra wọn. Ẹ ti rí bí fóònù mẹ́fà ṣe ń rọ̀ sára ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n kan níbi ìpàgọ́. Fóònù ò jẹ iná púpọ̀. Mọ́tò ń fa ampere 10 mọ́jú, wáyà tín-ín-rín á gbóná, nínú òjò oṣù kẹjọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwọn ọmọdé sùn sí. Nítorí náà, kí wọ́n fi sọ́kẹ́ẹ̀tì ogún bẹ̀rẹ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní mítà àti fíúsì tirẹ̀, kí ẹni tó ń bọ̀ ti gba àyè sílẹ̀ láti ilé, kí ẹ̀ṣọ́ tó wà níbẹ̀ sì mọ ibi tí wọ́n ti ń pa iná.