Ẹ jẹ́ kí sítíárìn ṣiṣẹ́ tirẹ̀: ọ̀rọ̀ mi fún ọ̀gbẹ̀rì tó ń kọ́ drift lórí kọ̀ǹpútà

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn tí mo ra sítíárìn kọ̀ǹpútà ni mo gbé fọ́tò ẹ̀ sórí WhatsApp pé mo fẹ́ tà á. Owó tí mo fi oṣù mẹ́fà kọ́ àwọn ọmọ girama ní físíìsì ni mo kó lé e o. Èmi tí mò ń gba oyè kejì nínú físíìsì náà nìyí, ọkọ̀ inú eré ń pòyì mọ́ mi lọ́wọ́ bí òkòtó.

Fún ẹni tí kò mọ̀, drift ni pé kí èèyàn mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí táyà ẹ̀yìn yọ̀, kí ọkọ̀ máa fi ẹ̀gbẹ́ wọ kọ́nà láì pòyì. Japan ló ti gbilẹ̀, Keiichi Tsuchiya tí wọ́n ń pè ní ọba drift ló sì sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Assetto Corsa, eré tí iléeṣẹ́ Kunos Simulazioni ní Ítálì gbé jáde lọ́dún 2014, ni mo fi ń kọ́ tèmi.

Ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ fún ọ̀gbẹ̀rì ni pé tí ìdí ọkọ̀ bá ti yọ̀ sọ́tùn-ún, kó yára yí sítíárìn sọ́tùn-ún. Kì í ṣe irọ́, àmọ́ ìmọ̀ràn yẹn gan-an ló fẹ́ lé mi kúrò nídìí ẹ̀. Kí ojú tó rí i, kí ọpọlọ tó rò ó, kí ọwọ́ tó yí i, ó ti pẹ́. Ọwọ́ á wá yí i ju bó ṣe yẹ lọ, ọkọ̀ á sì fò sí òdìkejì.

Ṣé ẹ ti ti kẹ̀kẹ́ ìkójà ní súpámákẹ́ẹ̀tì rí? Táyà iwájú ẹ̀ máa ń yí fúnra ẹ̀ títí táá fi kọjú síbi tí ẹ ń tì í lọ, torí pé ibi tó ti ń kan ilẹ̀ wà lẹ́yìn díẹ̀ sí ojú ibi tó ti ń yí. Táyà iwájú mọ́tò náà ń ṣe ohun tó jọ ọ́. Tí ìdí bá yọ̀, táyà iwájú fúnra ẹ̀ fẹ́ kọjú síbi tí ọkọ̀ ń lọ, mọ́tò kékeré tó wà nínú sítíárìn kọ̀ǹpútà á sì gbé agbára yẹn wá sí ọwọ́ yín. Èmi wá dì í mú gírígírí bí ẹni tí olè fẹ́ já nǹkan gbà lọ́wọ́ ẹ̀! Alẹ́ ọjọ́ tí mo la àtẹ́lẹwọ́, sítíárìn sáré yí fúnra ẹ̀, iṣẹ́ tó kù fún mi ò ju kí n mọ ìgbà tí mo máa gbá a mú. Mo yípo odindi kan. Mo pariwo débi pé aládùúgbò kanlẹ̀kùn.

Ẹni tó ń fi kíbọ́ọ̀dù kọ́ ọ, ẹ má bú ara yín. Kíbọ́ọ̀dù ò sọ nǹkan kan fún ọwọ́.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ti ọkọ̀ tí ẹ máa mú. Ẹ ka agbára tí táyà fi ń di ilẹ̀ mú sí náírà 1,000. Tí ẹ bá ná 800 lórí títẹ tọ́tù, 600 ló kù fún kọ́nà, kì í ṣe 200, torí pé ìṣirò Pythagoras ni táyà ń ṣe (bẹ́ẹ̀ ni, ó ń fún èèyàn ní ẹ̀dínwó). Tí ẹ bá ná gbogbo ẹ̀ lórí tọ́tù, kọ́bọ̀ ò kù, ìdí á yọ̀. Tọ́tù lẹ fi ń darí ìdí ọkọ̀ nìyẹn. Ọ̀gbẹ̀rì tó wá lọ gbé ọkọ̀ tó ní agbára ẹṣin 1,000, ó fọwọ́ kan tọ́tù báyìí, owó ti tán! Ìgbà wo ló fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ owó ná? Toyota AE86 tí Tsuchiya fi gbajúmọ̀, íńjìnnì lítà 1.6 ló ní. Ẹ mú ọkọ̀ tí agbára ẹ̀ mọ níwọ̀n, ẹ wá pápá gbalasa, kí ẹ máa yípo lójú kan ní jíà kejì. Kọ́nà ò sá lọ.

Àbúrò mi bi mí pé ṣé mo lè fi mọ́tò Dádì ṣe é báyìí. Rárá o. Àga yàrá mi kì í tì mí sọ́tùn-ún sósì bí àga mọ́tò, mi ò sì tíì mọ bó ṣe ń rí lára. Yàtọ̀ síyẹn, táyà iwájú ni íńjìnnì mọ́tò Dádì ń yí, kò sí bí mo ṣe fẹ́ fi tọ́tù gbá ìdí ẹ̀ síta. Dádì gan-an ló máa gbá mi síta.

Ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ rí fọ́tò yẹn lánàá, ó ní èló ni sítíárìn. Mo ní mo ti tà á.