Sí Ẹ̀yin Olùkọ́ Gìtá Òkè-Ògùn: Ọwọ́ Ọ̀tún Ọmọ Dà?

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ̀yin olùkọ́ gìtá tó wà ní Ṣakí, ní Ìsẹ́yìn, ní Òkèhò àti káàkiri Òkè-Ògùn, mo mọ̀ pé owó tí ẹ ń gbà lọ́wọ́ òbí kò tó nǹkan, mo sì mọ̀ pé ẹ̀yìn iṣẹ́ oòjọ́ ni púpọ̀ nínú yín tó ń ráyè kọ́ ọmọ, nínú yàrá kékeré ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì tàbí lábẹ́ igi iwájú ilé. Mi ò kọ̀wé yìí láti bù yín kù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ti ń gbé mi nínú, ó sì sàn kí n sọ ọ́ ní gbangba ju kí n máa sọ ọ́ lẹ́yìn yín lọ: ọwọ́ òsì nìkan lẹ ń kọ́ àwọn ọmọ wa.

Ẹ wo ọmọ tó ti lo ọdún kan lọ́dọ̀ yín. Ẹ ní kó di kọ́ọ̀dù C mú, á dì í mú. Ẹ pe G, ẹ pe Am, ẹ pe Em, gbogbo rẹ̀ ló wà ní ìka rẹ̀. Ẹ wá bojú wo ọwọ́ ọ̀tún. Pick pẹlẹbẹ kan ló há sáàárín ìka, tó ń gbá okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ sísàlẹ̀, bọ̀ sókè. Orin ìyìn ni o, orin arò ni o, gbígbá kan náà ni. Ẹ gba pick yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ ní kó fi ìka ta á. Á wò yín lójú ni.

Ẹ jẹ́ ká mú orin kan tí gbogbo ayé mọ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Lọ́dún 1969 ni Simon and Garfunkel gbé The Boxer jáde. Bí ọmọ kan bá gbọ́ ọ lórí fóònù, tó wá bá yín pé òun fẹ́ mọ̀ ọ́n ta, kí lẹ máa ń ṣe? Ẹ ó kọ C, Am, G àti F sórí ìwé, ẹ ó ní kó máa gbá a. Àwọn mìíràn nínú yín á kàn fi fídíò YouTube ránṣẹ́ sí i, kó lọ fi dátà ara rẹ̀ wò ó. (Owó oṣù yẹn náà kọ́ lẹ gbà?) Ọmọ á gbá a títí, kò ní jọ ohun tó gbọ́. Á rò pé gìtá òun ni kò dára, tàbí pé òun ò lẹ́bùn. Bẹ́ẹ̀, kọ́ọ̀dù rẹ̀ pé. Ohun tó gbé orin náà ró ni ẹnikẹ́ni kò fi hàn án, ìyẹn àtàǹpàkò ọ̀tún.

Nítorí òbí tó bá ń ka ìwé yìí, ẹ jẹ́ kí n là á sílẹ̀. Bí ọwọ́ òsì bá ti di C mú, àtàǹpàkò ọ̀tún á ta okùn karùn-ún, á ta ìkẹrin, á padà sí ìkarùn-ún, á tún ta ìkẹrin, lọ́gbọọgba, láìsáré, láìdúró. Láàárín títa kan sí èkejì, ìka ìfábẹ̀lá á máa ta okùn kejì tàbí okùn kìíní. Bó bá kan G, okùn kẹfà ni àtàǹpàkò á ti bẹ̀rẹ̀. Gìtá kan ṣoṣo ni, ohùn méjì lẹ ó gbọ́: ọ̀kan ń rìn nísàlẹ̀, èkejì ń kọrin lókè. Ará Ìsẹ́yìn ló yẹ kó tètè lóye èyí, torí ahunṣọ tó jókòó sídìí òfì ń fi ẹsẹ̀ tẹ ìtẹsẹ̀ ní tirẹ̀, ọwọ́ ń ju ọ̀kọ̀ ní tirẹ̀, ẹsẹ̀ àti ọwọ́ sì jọ ń rìn pọ̀ ni. Mi ò tíì rí ọ̀gá ahunṣọ tó kọ́ ọmọ iṣẹ́ ní ọwọ́ nìkan, tó ní ẹsẹ̀ á dé bó bá yá.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ń pe ọwọ́ gìtá yìí ní Travis picking, torí Merle Travis, ọmọ Kentucky, ló sọ ọ́ di ìlú mọ̀ọ́ká. Àwọn awakùsà bíi Mose Rager àti Ike Everly ni Travis wò kọ́ ọ. Àwọn yẹn náà rí i lára àwọn tó ṣáájú wọn, títí tí ìtàn fi dé ọ̀dọ̀ Arnold Shultz, aláwọ̀ dúdú kan tó ń ta gìtá kiri ìlú àwọn awakùsà ní Kentucky kó tó kú ní 1931.

Ní etí òkun tiwa ńkọ́? Àwọn atukọ̀ Kru láti Làìbéríà, tí wọ́n ń bá ọkọ̀ òyìnbó ṣiṣẹ́ láti èbúté dé èbúté, ni wọ́n gbé gìtá kiri láti Freetown dé Accra, dé Èkó. Àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá náà ni wọ́n fi ń ta á. Ìdí ẹmu ni orin náà ti gbilẹ̀, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pè é ní palm-wine. Lọ́dún 1928, Jacob Sam àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, Kumasi Trio láti Gold Coast, gba orin Yaa Amponsah sínú àwo fún ilé iṣẹ́ Zonophone ní London. Kò pẹ́ sí i, Túndé King gbé jùjú dìde ní Èkó, Parlophone sì ṣe àwo rẹ̀ ní 1936. Ìrèwọlédé Denge wà níbẹ̀. Àyìndé Bákàrè wà níbẹ̀, òun tó gbé gìtá oníná ní 1949. Fàtàì Rolling Dollar, tó papò dà ní 2013, ti lé ní ọgọ́rin ọdún tó ṣì ń ta gìtá lórí ìtàgé. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Ebenezer Obey ti ṣiṣẹ́ nígbà èwe. Mo ń dárúkọ wọn torí mo ti bi àwọn ọmọ tó ń kọ́ gìtá pé ta ni Denge, wọ́n sì ní àwọn ò gbọ́ orúkọ náà rí.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín, tó tún dùn mí, nìyí. Paul Simon tó kọ The Boxer kò jókòó sílé. Nígbà tó ṣe àwo Graceland ní 1986, Démọ́lá Adépọ̀jù, tó ń ta pedal steel nínú ẹgbẹ́ Sunny Adé, wà lára àwọn tó bá a ṣe é. Lórí orin kan náà tí Démọ́lá ti ta gìtá, àwọn Everly Brothers ló ń gbè é, àwọn ọmọ Ike Everly awakùsà tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan. Lọ́dún 1990, Simon tún gbé àwo The Rhythm of the Saints jáde. Gìtá Yaa Amponsah ló fi mọ Spirit Voices tó wà nínú rẹ̀, ìjọba Ghana sì gba owó lórí rẹ̀. Ọmọ wa ní Ṣakí ń jó dátà láti wá ọwọ́ Simon, nígbà tí Simon fúnra rẹ̀ ti wá ọwọ́ àwọn bàbá wa lọ. C, F àti G tó gbé Yaa Amponsah ró kò ṣàjèjì sí ọmọ ọdún kan lọ́dọ̀ yín. Ọwọ́ tó máa fi ta á ni kò ní.

Mo mọ ohun tí ẹ ó sọ. Ẹ ó ní ṣọ́ọ̀ṣì ló rán ọmọ wá, pé wọ́n fẹ́ kó ti máa bá akọrin lọ kí Àjíǹde tó dé. Òótọ́ ni, kò sì sóhun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo irú ilé tí ẹ ń ran ṣọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ kọ́. Màmá kan á dìde, á gbé orin níbi tí ọ̀fun rẹ̀ bá bá a. Oníkíbọ́ọ̀dù á máa tẹ bọ́tìnnì transpose kiri títí á fi bá a, torí C nìkan ni ìka rẹ̀ mọ̀. Onígìtá náà á máa ti capo, ìyẹn ìdè tó ń há okùn mọ́ ọrùn gìtá, sókè sódò. Orin á ti dé ẹsẹ kejì kí wọ́n tó rí ara wọn. Àwọn méjèèjì ò mọ ibi tí wọ́n wà, ẹ̀rọ ló mọ̀ ọ́n. Ẹ má ṣì mí gbọ́, capo dára, àwọn ògbóǹtarìgì náà ń lò ó nítorí ohùn tí wọ́n fẹ́. Kí ó wá dípò etí ni mo lòdì sí.

Ọ̀rọ̀ etí yìí gan-an ló sì yẹ kó tì wá lójú jù, àwa tí ilé Àyàn wà láàárín wa. Ọmọ onílù kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwé. Ó ń tẹ̀lé bàbá rẹ̀ lọ sóde, ó ń jókòó sẹ́yìn ìyáàlù, ó ń fi ẹnu sọ ohun tí ìlù ń sọ kó tó fi kọ̀ǹgọ́ kan awọ. Nígbà tí ọwọ́ á fi dé ìlù, etí ti débẹ̀ tipẹ́. Ẹ̀yin gbé tab lé ọmọ lọ́wọ́ lọ́jọ́ kìíní, nọ́ńbà lórí ìlà, ó ń tẹ ohun tí kò tíì gbọ́. Mo ti rí ọmọ tó ta orin kan dé òpin láìmọ̀ pé okùn gìtá rẹ̀ kan ti rẹlẹ̀. Nọ́ńbà pé, kò ṣìṣe kankan.

Ọ̀rọ̀ F wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kí ló dé tí ẹ fi ń fi F ńlá, tí ìka kan ń tẹ okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀, lé ọmọ ọdún mẹ́wàá kúrò nídìí gìtá? F kékeré wà, olókùn mẹ́rin: ìka ìfábẹ̀lá á tẹ okùn kìíní àti ìkejì ní fret (irin ìdábùú ọrùn gìtá) kìíní, ìka àárín á wà lórí ìkẹta ní fret kejì, èyí tó tẹ̀lé e á tẹ ìkẹrin ní fret kẹta. Àtàǹpàkò ọ̀tún á bẹ̀rẹ̀ láti ìkẹrin, orin á máa lọ. Ńlá á dé bí ọwọ́ bá gbó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ti ọyẹ́ fún wọn pẹ̀lú. Àwọn tó ń ṣe gìtá onípákó fẹ́ kí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ tó yí i ká wà láàárín ìdá 45 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ọyẹ́ ilẹ̀ ọ̀dàn wa bá dé, kò sí irú ọ̀rinrin bẹ́ẹ̀. Pákó á sún kì, etí fret á yọ síta, á máa ha ọmọ lọ́wọ́, okùn á máa ha fret, nígbà mìíràn ojú gìtá á là. Fóòmù tí a rẹ sómi, tí a fún gbẹ díẹ̀, tí a kó sínú ike ọṣẹ tí a dá ihò sí lára, tí a wá gbé sínú àpò gìtá, ti tó. Ṣùgbọ́n gìtá tí ẹ ń fi kọ́ wọn náà ń sùn lára ògiri láti oṣù Ọ̀pẹ dé Èrèlé.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Ẹ pa pick mọ́ fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kí àtàǹpàkò rìn lórí C nìkan títí ọmọ á fi lè máa dáhùn ìkíni láìjẹ́ kó dúró. Ẹ jẹ́ kó fi ẹnu kọ ohun tó fẹ́ ta kó tó ta á. Kó kọ́ Yaa Amponsah ṣáájú The Boxer, torí ó kúrú, kọ́ọ̀dù rẹ̀ kò sì pọ̀. Bí ẹ bá sì ń ṣe àpèjẹ ìparí ọdún tí ẹ máa ń pe àwa òbí sí, ẹ gbé ọmọ kan ṣoṣo jókòó síwájú, láìsí kíbọ́ọ̀dù, láìsí ìlù, kó ta méjèèjì tẹ̀léra ká gbọ́. Bí ẹ bá sọ pé ẹ̀kọ́ ọwọ́ ọ̀tún gba àkókò, pé owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí ti gbígbá, ẹ kọ iye rẹ̀ síta. Àwa tó rówó ra gìtá lè jókòó bá yín ná an.

Èmi ni tiyín,
Òbí kan, onígìtá, ní Ṣakí.