Kí fóònù kọ́ wa ní oorun sísùn ní èdè wa

Ní Daagbé, bí oorun bá kọ̀ tí kò wá, àwọn kan nínú wa á ra hóró oògùn lọ́wọ́ aláte. Àwọn mìíràn á gbé fóònù, wọn á máa wò ó títí àkùkọ yóò fi kọ. Èrò tèmi ni pé fóònù yìí kan náà lè ṣe wá lóore, bí ó bá ń sọ èdè tí a gbọ́.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, NICE, àjọ tó ń gba àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nímọ̀ràn, fọwọ́ sí ètò orí fóònù kan tí à ń pè ní Sleepio. Ọ̀jọ̀gbọ́n Colin Espie ti Yunifásítì Oxford wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. NICE ní kí àwọn tí kì í rí oorun sùn lò ó dípò hóró oorun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ẹ̀kọ́ inú rẹ̀.

Kí ni ó ń kọ́ni? Ẹ máa kọ àkókò tí ẹ sùn àti àkókò tí ẹ jí sílẹ̀. Ẹ máa jí ní agogo kan náà lójoojúmọ́, ọjọ́ ọjà tàbí ọjọ́ ìsinmi. Bí ó bá tó ogún ìṣẹ́jú tí oorun kò wá, ẹ dìde kúrò lórí ẹní, kí ẹ padà nígbà tí ojú bá wúwo. Èyí tó le jù ni pé ẹni tó ń sùn wákàtí mẹ́fà péré kò gbọdọ̀ dùbúlẹ̀ fún mẹ́sàn-án. Yóò dín àkókò orí ẹní kù, kí oorun tó fọ́n ká lè ṣù pọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, oorun lè máa kun ènìyàn lọ́sàn-án, nítorí náà kí àwọn tó ń fi alùpùpù gbé èrò ṣọ́ra gidigidi.

Ẹni tó ti kọ́ ìwé ní kíláàsì àwọn àgbà lè fi bíírò àti ìwé ṣe púpọ̀ nínú èyí.

Ẹnìkan lè bi mí pé: fóònù tó ń jí oorun wa gbé, ṣé òun náà ni a ó fi ṣọ́ oorun? Ìbéèrè náà tọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀sán ni kí a gbọ́ ẹ̀kọ́ náà. Bí ilẹ̀ bá ṣú, kí fóònù wà ní yàrá mìíràn.

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi dá Sleepio. Ìyá tó ń ta gàrí lọ́jà kò ní ra mẹ́gà láti gbọ́ ohun tí kò yé e. Mo fẹ́ kí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìlera gba irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní ohùn Yorùbá (àti ní Gùn, nítorí àwọn aládùúgbò wa), kí a lè fi ránṣẹ́ láti fóònù dé fóònù láìná mẹ́gà. Kí ohùn náà kọ́kọ́ sọ pé kí aboyún àti ẹni tó ní àìsàn mìíràn rí dókítà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, àti pé kí ẹni tó ti ń lo hóró oorun pẹ́ má ṣe dá a dúró lójijì láìbéèrè ní ilé ìwòsàn.