Wolé-wolé Kọ́ ni Ayẹléwò: Èrò lórí Èdè Iṣẹ́ Àyẹ̀wò Ilé

Kí ẹnikẹ́ni tó dá ọ̀rọ̀ tuntun sílẹ̀ fún iṣẹ́ kan, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ tẹ́tí sí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Ìlànà yìí kì í ṣe tuntun láàárín àwọn onímọ̀ èdè, ṣùgbọ́n ìgbà gbogbo kọ́ ni wọ́n ń rántí rẹ̀. Iṣẹ́ àyẹ̀wò ilé fi èyí hàn gbangba.

Orúkọ oníṣẹ́ ni ìṣòro àkọ́kọ́. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti dá American Society of Home Inspectors sílẹ̀ ní ọdún 1976, ẹni tó fẹ́ ra ilé ló sábà máa ń gbé iṣẹ́ náà fún olùyẹ̀wò, kí ó lè mọ àbùkù ilé kí ó tó sanwó. Ọ̀rọ̀ tí yóò kọ́kọ́ wá sí ọkàn atúmọ̀ èdè fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wolé-wolé. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ lẹ́nu Yorùbá, ṣùgbọ́n iṣẹ́ mìíràn ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Láti ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni wolé-wolé ti jẹ́ òṣìṣẹ́ ìlera tó ń yọjú sínú àmù láti wá tanwíjí, tó ń wo ṣáláńgá àti ààtàn, tó sì lè pe onílé lẹ́jọ́. Òfin ló rán an. Onílé kò pè é. Bí wọ́n bá wá fi orúkọ yìí pe ẹni tí olùrà ilé fúnra rẹ̀ bẹ̀ níṣẹ́, ìbẹ̀rù àtijọ́ yóò bá a wọlé. Ayẹléwò ló bá iṣẹ́ rẹ̀ mu: ẹni tó ń yẹ ilé wò.

Orúkọ nìkan kò tó. Ká ní ọ̀dọ́ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ iṣẹ́ yìí ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Oríadé. Yóò bá ilé amọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́, tí wọ́n sì fi páànù bò, pàdé. Yóò bá ilé búlọ́ọ̀kù tuntun pàdé pẹ̀lú. Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé tí ó kà láti kọ́ṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà tó ni ilé, àti bíríkìlà tí yóò tún un ṣe, Yorùbá ni wọ́n ń sọ. 'Ulé' ni Ìjẹ̀ṣà tilẹ̀ ń pe ilé.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí ọ̀gá yóò kọ́ ọ ni pé kì í ṣe gbogbo ojú tó là lára ògiri ló léwu. Èyí tó tín-ín-rín, tí kò tó mílímítà 1, tí kò sì kọjá ara sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ògiri, kì í sábà ju ọ̀rọ̀ ọ̀dà lọ. Èyí tó fẹ̀ ju mílímítà 5 lọ, tó ń gba igun fèrèsé gun òkè bí àtẹ̀gùn, tó sì hàn nínú àti lóde, lè jẹ́ àmì pé apá kan ìpìlẹ̀ ti ń rì. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì fi irun orí júwe ti àkọ́kọ́. Bí atúmọ̀ èdè bá tìtorí èyí kọ 'ìsán onírun', bíríkìlà yóò máa wá irun lára ògiri. Bẹ́ẹ̀ sì ni Yorùbá ti ya wọ́n sọ́tọ̀ tipẹ́. Àwo tó sán ṣì wà lódindi; èyí tó là ti ń di méjì; ògiri tó lanu sì ni òwe ní aláǹgbá ń ráyè wọ̀. Sán, là, lanu: ìpele mẹ́ta tí àgbàlagbà kò nílò àlàyé fún nìyí. Bí wọ́n bá fi ìwọ̀n mílímítà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì dé.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti omi. Òrùlé a máa jò. Ògiri a máa fa omi láti ilẹ̀. Ògiri amọ̀ tó bá fa omi máa ń wú, sìmẹ́ńtì ara rẹ̀ kì í sì í wú bá a. Ìdí nìyí tó fi ń bó. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ 'omi ń wọlé' fún méjèèjì lè mú kí onílé náwó sórí páànù nígbà tí àrùn wà ní ìdí ògiri.

Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu bíríkìlà kò gún régé tó, pé ohun tí ẹnì kan pè ní sísán ni ẹlòmíràn yóò pè ní lílà. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ onímọ̀ èdè gan-an nìyẹn, láti fi ààlà sáàárín ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀, kì í ṣe láti lé e jáde. Ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970 fi hàn pé Yorùbá tó fi kọ́ ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ìdìpọ̀ kìíní Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984, ṣe irú iṣẹ́ yìí fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Ó yẹ kí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ náà rí tiwọn gbà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré àwọn ọ̀mọ̀wé. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2019, ilé tí ilé-ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta-Fáàjì ní Èkó, ó sì pa ọmọdé àti àgbà. Nàìjíríà ti ní National Building Code láti ọdún 2006. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ nìkan kò lè gbé ògiri ró, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ tí kò yé ẹni tó ń sùn nínú ilé kò lè gbà á là.

Nítorí náà, kí olùkọ́ àti atúmọ̀ èdè mú ìwé àti kálàmù lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́lé, ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà àti níbòmíràn. Àwọn àgbà tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi amọ̀ mọ ilé ń dín kù lọ́dọọdún. Ọ̀rọ̀ tí wọn kò bá rí gbà lẹ́nu wọn nísinsìnyí, kò sí ìgbìmọ̀ tí yóò lè dá a padà.