Nítorí káàdì tí wọ́n pè tí kò jẹ́, ìbọn dún nílé tọkọ-taya

Bí wọ́n bá tẹ́ ọpọ́n ayò kalẹ̀ ní Ìyìn-Èkìtì lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ẹnu kì í dilẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀ta á máa fi òpè ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn tó ń wòran náà á máa dá sí i. Bí ọ̀ta bá wá fọ́nnu tán tí wọ́n ṣì nà án, ẹ̀rín ni wọ́n máa fi rín in, ọ̀rọ̀ parí. Ṣé ojú ọpọ́n ni gbogbo ọmọ ayò 48 wà, kò sí èyí tó fara pamọ́, kò sì sẹ́ni tó ní kí ọ̀ta kọ́kọ́ ṣèlérí iye tó máa jẹ kó tó fọwọ́ kan ọmọ ayò.

Ṣùgbọ́n eré kan wà tó jẹ́ pé ìlérí yẹn gan-an leré. Káàdì ni, bridge lorúkọ ẹ̀. Kì í ṣe Whot o. Èèyàn mẹ́rin ló ń ta á, méjì-méjì, ẹni tó jókòó kọjú sí ẹ ni ẹnìkejì ẹ. Káàdì 52 ni, 13 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á máa jù ú sílẹ̀ lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, ẹni tí tiẹ̀ bá lágbára jù á kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìkó kan nìyẹn. Ìkó 13 ló wà lápapọ̀. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni tó ju káàdì kankan, wọ́n á ti kọ́kọ́ pe iye tí wọ́n máa kó. Ẹni tó pè é tó sì kó o, èrè ni. Ẹni tó pè é tí kò pé, gbèsè ni.

Ìpè yìí ló di ariwo nílùú Kansas City, l'Amẹ́ríkà, lálẹ́ ọjọ́ 29, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1929. John Bennett àtìyàwó ẹ̀, Myrtle, ń ta bridge pẹ̀lú tọkọ-taya kan tí wọ́n jọ ń gbélé, àwọn Hofman. John pe one spade. Hofman dá a lóhùn pẹ̀lú two diamond. Ni Myrtle bá fò fẹ̀rẹ̀, ó ní four spade, ìyẹn ni pé nínú ìkó 13, àwọn máa kó 10. Ọkọ ló wá kù tó máa ta á. Kò kó o pé.

Inú bí Myrtle, ó ní kò mọ káàdì ta. John náà fèsì, ó nawọ́ kọjá tábìlì, ó fọ́ ìyàwó ẹ̀ létí léraléra lójú àlejò. Ó ní òun máa kúrò nílé lálẹ́ ọjọ́ náà, ló bá ń palẹ̀ ẹrù mọ́. Myrtle wọ yàrá ìyá ẹ̀, ó gbé ìbọn jáde. Nígbà tí ìbọn náà máa dákẹ́, John ti kú. Ẹjọ́ náà dé kọ́ọ̀tù lọ́dún 1931, Myrtle ní ìbọn náà ṣèèṣì yìn ni, ilé-ẹjọ́ sì ní kò jẹ̀bi.

Ẹ ò rí i pé ọ̀ràn ńlá ni! Bẹ́ẹ̀, four spade ò tíì dé ibi tí wọ́n ń pè ní slam. Slam ni kéèyàn pe ìkó 12. Bó bá pe gbogbo 13, grand slam nìyẹn. Èrè slam kékeré lè jẹ́ 500 tàbí 750, ti grand slam jẹ́ 1,000 tàbí 1,500. Àmọ́ ẹni tó kó 12 láìpè é kò ní í rí kọ́bọ̀ nínú èrè náà. Harold Vanderbilt ló gbé òfin yìí kalẹ̀ lọ́dún 1925, nígbà tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi. Láti ìgbà náà ni ojú kòkòrò ti wọnú eré ọ̀hún.

Báwo lèèyàn ṣe máa wá mọ ohun tó lè pè? Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Milton Work ló jẹ́ kí ìṣirò kan gbajúmọ̀: Ace jẹ́ 4, King 3, Queen 2, Jack 1. Àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ 40. Lẹ́yìn náà ni Charles Goren tà á káàkiri, tó tún fi kún un pé káàdì tó pọ̀ lápá kan tàbí tí kò sí rárá lápá kan náà níye tiẹ̀. Bí 33 bá pé lọ́wọ́ ẹni méjèèjì, wọ́n lè gbójú lé 12. Bó bá jẹ́ 37, wọ́n lè ronú 13.

Ẹ wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Ẹni tó ní 33, méje péré ló kù fún alátakò, Ace méjì sì jẹ́ 8. Kò sí bí wọ́n ṣe lè ní Ace méjì. Àmọ́ ẹni tó ní 29 ńkọ́, tí spade ẹ̀ àti ti ẹnìkejì ẹ̀ sì jẹ́ 10? Ó lè dà bíi pé 12 ti dọ́wọ́. Ibẹ̀ lèèyàn ti ń jìn sí kòtò. Ace méjì tó wà lọ́dọ̀ alátakò ti tó láti ba gbogbo ẹ̀ jẹ́.

Abèèrè kì í ṣìnà. Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò kan, Easley Blackwood, ló wá ìbéèrè sí i lọ́dún 1933. Bí ẹnì kan bá pe four no-trump, ohun tó ń sọ ni pé, "Ace mélòó ló wà lọ́wọ́ ẹ?" Five club, kò sí, tàbí kó jẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Five diamond, ọ̀kan. Five heart, méjì. Five spade, mẹ́ta. Kò sí ojú ṣíṣẹ́ ńbẹ̀ o, àwọn alátakò náà gbọ́dọ̀ mọ ìtumọ̀ ìpè náà. Bí èsì bá jẹ́ ọ̀kan, tí ẹni tó bèèrè náà sì ní ọ̀kan, méjì ti bọ́ nìyẹn. Kó yáa dúró sí five spade, kó kó 11 ẹ̀, kó sì gbàgbé slam.

Kò sí ìtìjú nínú kéèyàn dúró. Ohun tó ń dójú ti èèyàn ni kó máa gun òkè láìbèèrè.

Irú ìpè àwọn Bennett yìí kò jìnnà sílé. Ọkọ tó ń ṣiṣẹ́ l'Adó á lọ sípàdé ẹbí ní Ìyìn, á ní òun máa ra àgbò kan fún ìnáwó. Ìyàwó, torí kí ẹnu má baà kò wọ́n, á ní, "Àgbò kẹ̀? Màálù ni!" One spade di four spade. Kò sẹ́ni tó bi ẹnìkejì pé èló ló wà nínú àpò ẹ. Bí oṣù bá wá parí tí owó ò pé, ẹ̀bi ta ni? Ìjà á dé, oníkálukú á máa ka ẹ̀ṣẹ̀ sí èkejì lọ́rùn, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ pè é.

Kí tọkọ-taya máa ka ọwọ́ wọn kí ẹnu tó yá. Kí wọ́n sì máa bi ara wọn ní four no-trump nínú yàrá, kó tó dìta gbangba.