Kí Ọmọ Tó Gun Òkè Himalaya

Ẹ̀yin òbí wa ọ̀wọ́n, bí ọmọ bá ní òun fẹ́ fẹsẹ̀ rin òkè Himalaya nínú ìsinmi oṣù kẹjọ, ẹ má wo owó nìkan. Òjò ńlá a máa rọ̀ sí ọ̀pọ̀ ọ̀nà òkè Nepal lásìkò náà, ilẹ̀ a sì máa ya. Ladakh ní Íńdíà ló sàn, nítorí òkè dènà òjò fún un. Ṣùgbọ́n ìlú Leh, níbi tí wọ́n ti ń gbéra, fi bíi 3,500 mítà ga ju òkun lọ. Kí ó kọ́kọ́ sinmi níbẹ̀ fún ọjọ́ méjì, ó kéré tán.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ mọ irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ fífúyẹ́ orí òkè léwu fún ọmọ SS. Kódà AS tí kì í ṣàìsàn nílé lè ní inú rírun líle níbẹ̀. Ẹ bi dókítà kí ẹ tó sanwó. Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ.