Ọkọ̀ Òkè Ti Ń Padà Wálé: Ẹrù Tiwa Dà?

Bí awakọ̀ kan bá gbé èrò láti Ìbàdàn dé Èkó, tí àwọn èrò sọ̀kalẹ̀ tán, tí ó sì ti ọkọ̀ náà sínú ọ̀sà, ta ni yóò lè san owó ọkọ̀ ní ọjọ́ kejì? Síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn orílẹ̀-èdè ńlá ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún nínú ìrìnàjò sí gbalasa òfurufú. Rọ́kẹ́ẹ̀tì tí a fi ọ̀pọ̀ oṣù kọ́ yóò ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, yóò sì já sínú òkun. Ìdí nìyí tí ọ̀nà náà fi di ti ọlọ́rọ̀.

Amẹ́ríkà kọ́kọ́ gbìyànjú àtúnṣe nígbà tí Columbia, àkọ́kọ́ nínú àwọn ọkọ̀ Space Shuttle, gbéra ní oṣù kẹrin ọdún 1981. Ìgbà 135 ni àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí lọ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì ní 2011. Ṣùgbọ́n owó tí a retí pé yóò dínkù kò dínkù, nítorí ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwo tí ń gba ara ọkọ̀ lọ́wọ́ ooru ni a ní láti yẹ̀ wò lẹ́yìn ìrìnàjò kọ̀ọ̀kan. Ènìyàn 14 sì kú nínú jàǹbá ọdún 1986 àti ti 2003. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé kí ohun èlò ṣeé tún lò nìkan kò tó. Àfi kí ìtọ́jú rẹ̀ rọrùn.

Ilé-iṣẹ́ SpaceX gba ọ̀nà mìíràn. Ní oṣù kejìlá ọdún 2015, ìsàlẹ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì Falcon 9, níbi tí ẹ́ńjìnnì mẹ́sàn-án wà, padà balẹ̀ ní ìnàró. Ní oṣù kẹta ọdún 2017, èyí tí ó ti lọ rí tún lọ. Lónìí, òmíràn nínú wọn ti lọ ju ìgbà 20 lọ.

Ǹjẹ́ ó kàn wá? Ó kàn wá gidigidi. Ní oṣù kẹfà ọdún 2017, ọkọ̀ akẹ́rù Dragon kan, tí ó ti lọ rí ní 2014, tún gbéra. Òun ni irú rẹ̀ àkọ́kọ́ tí ó lọ lẹ́ẹ̀kejì. Nínú ẹrù rẹ̀ ni Nigeria EduSat-1 wà, sátẹ́láìtì Yunifásítì Ìmọ̀-Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Àkúrẹ́. Kò ju ohun tí a lè gbé lé àtẹ́lẹwọ́ lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ni ó fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ọ ní Kyushu Institute of Technology ní Japan. Ẹ fi èyí wé NigeriaSat-1 ti ọdún 2003, tí a kọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó sì gbéra láti ilẹ̀ Rọ́ṣíà.

Àwọn kan yóò wí pé ẹni tí ebi ń pa kò ráyè wo ojú ọ̀run. A kò sẹ́ pé ebi ń bẹ. Ṣùgbọ́n láti òkè ni a ti ń rí ibi tí omi ti ya wọ ìlú àti ibi tí aṣálẹ̀ ń jẹ ilẹ̀ oko dé.

Nítorí náà, owó ọkọ̀ tí ó dínwó kò ṣe àǹfààní kankan fún ẹni tí kò ní ẹrù. Ó di dandan kí ìjọba pèsè ilé ìdánwò sáyẹ́ǹsì tí ó ní ohun èlò nínú. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìṣirò di ohun ìbẹ̀rù fún àwọn ọmọ. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.